Owó ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò: ìjíròrò lórí ibi ìgbafẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Lágere ni mo ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àgbà wọn ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìsinmi, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń jí sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn sí. Bàbá wọn ní kò sí ibi ìgbafẹ́ kankan ní Ifẹ̀ yìí, pé ẹni tó bá fẹ́ gbafẹ́ kó gba Ìbàdàn tàbí Èkó lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n kó wọn lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà. ₦10,000 ni mo lè yọ sílẹ̀ tí kò fi ní kan owó oúnjẹ. Ṣé ó tó? Bí kò bá tó, kí ni ẹni tí kò ní ju ₦3,000 lọ ń ṣe, kí sì ni ẹni tó ní ₦60,000 ń ṣe?

* * *

₦10,000 kò lè gbé ẹ̀yin mẹ́rin lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà kó sì tún gbé yín délé. Ẹ wò ó: ẹ óò wọ ọkọ̀ láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, ẹ óò wọ òmíràn láti Iléṣà dé Erin-Ìjẹ̀ṣà, omi náà sì tún tó nǹkan bíi kìlómítà méjì sí inú ìlú, ọ̀kadà ló ń gbé ènìyàn débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ óò ṣe bí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ wá fi iye orí yín sọ ọ́ di púpọ̀. Owó àbáwọlé ni gbogbo ènìyàn máa ń béèrè kí wọ́n tó jáde nílé, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ àti oúnjẹ ojú ọ̀nà ló ń jẹ owó tán. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ibi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ti lè gbé e dé ohun mẹ́ta tó yẹ ní wíwò ni kó máa wá.

Ní Ifẹ̀, Ẹnuwá nìyẹn. Láti Lágere, kẹ̀kẹ́ tàbí kòròpé kan ti gbé yín débẹ̀. Iwájú ààfin Ọọ̀ni wà níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ kò jìnnà sí ààfin rárá, bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá sì gbé e, ẹ lè rìn dé Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Bí ẹsẹ̀ àbíkẹ́yìn kò bá gbé e, kẹ̀kẹ́ kékeré kan náà ni. Òkúta gbígbẹ́ ni ọ̀pá náà, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, wọ́n sì kan ìṣó irin mọ́ ọn lára láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá ara wọn jiyàn lórí bí wọ́n ṣe gbé e nàró, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ Ọ̀rànmíyàn yìí kan náà ni àwọn ọba Ọ̀yọ́ àti ti Bìní ń tọ ìran wọn lọ.

Ní ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, mo ti rí òbí tó kó ọmọ wọ ibẹ̀ tí wọ́n sì ti jáde kí ènìyàn tó ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, nítorí pé ọmọ kò mọ ohun tí òun ń wò. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún wọn nílé. Ní ọdún 1938 ni àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ṣàdédé hú orí idẹ jáde, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, tí ojú, imú àti ètè rẹ̀ dà bí ti ènìyàn tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ẹ sọ fún èyí àgbà pé ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Frobenius ti wá sí Ifẹ̀ ní 1910, ó rí iṣẹ́ ọnà àwọn baba wa, ó sì lọ ń kọ ọ́ pé àwọn ará ilẹ̀ kan tí òkun ti bò mọ́lẹ̀ ló wá ṣe é, nítorí kò gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú lè ṣe irú rẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó bá gbọ́ ìyẹn, fúnra rẹ̀ ni yóò dúró síwájú gíláàsì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù sókè láti ya àwòrán.

* * *

Mo ti ka èsì àwọn yòókù. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí ẹ kó wọn lọ sínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ọgbà akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́, pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yóò yọ ìyá ọlọ́mọ lẹ́nu. N kò gba èyí kejì gbọ́. Àwọn ọkọ̀ èrò ń wọlé wọ́n ń jáde, ènìyàn ń lọ ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, ènìyàn ń lọ sí ilé ìjọsìn níbẹ̀. Bí ẹ̀ṣọ́ bá bi yín ní ibi tí ẹ ń lọ, ẹ dá a lóhùn bó ṣe rí, ó tán.

Ohun tó wà nínú ọgbà yẹn ju igi àti koríko lọ. Ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì kan, Arieh Sharon, ló ṣe ètò àwọn ilé náà, ó sì kọ́ wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn kan nínú wọn fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, kí àjà òkè lè ṣíji bo ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Mo ti bi àwọn ọmọ kan rí pé kí ló dé tí ilé náà ṣe rí bẹ́ẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n fún mi mú mi rẹ́rìn-ín títí. Gbọ̀ngàn Odùduwà àti gbàgede ìṣeré tó wà níbẹ̀ yẹ ní wíwò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó jẹ mọ́ ẹranko, kòkòrò, ewéko àti òkúta tún wà nínú ọgbà náà, tèmi ni pé àwọn ọmọ kéékèèké fẹ́ràn ibẹ̀ ju ti Ẹnuwá lọ, nítorí ohun tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń rí.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹranko tó wà nínú yunifásítì náà ni mo fẹ́ kí a ṣọ́ra sí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnnìún pa ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè ló sì gbọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣèlérí kìnnìún fún ọmọ kankan kí ẹ tó béèrè bóyá wọ́n ń gba àlejò lásìkò yìí. Ọmọ tí a ṣèlérí kìnnìún fún tí kò rí i, gbogbo ohun mìíràn tó bá rí lọ́jọ́ náà kò ní jọ ọ́ lójú.

Ẹni tó ní ₦3,000, tó bá jẹ́ òun nìkan tàbí òun àti ọ̀rẹ́ kan, ọgbà yìí tó o. Kó jẹun kó tó kúrò nílé, kó gbé omi dání, kó fi ẹsẹ̀ rìn.

* * *

Ará Iléṣà kan ti ń bínú pé Ifẹ̀, Ifẹ̀ ni gbogbo wa ń sọ. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àmọ́ kí a sọ òtítọ́: Iléṣà kì í ṣe ìlú tí àlejò ń lọ wo nǹkan, ìlú tí àlejò ń lọ jẹun ni. Ọjà Àtàkúnmọ́sà wà fún ẹni tó fẹ́ràn kí ó máa rìn káàkiri láàárín èrò, agbègbè Ẹrẹ́jà àti ààfin Ọwá Obòkun wà fún ẹni tó fẹ́ ya àwòrán, ṣùgbọ́n iyán ni mo máa ń tìtorí rẹ̀ lọ. Iyán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, tí èéfín ṣì ń yọ lára rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti ń gbọ́ ìró ọmọ odó láti òde. Ibi tí iyán ti wà nínú ọ̀rá láti àárọ̀, ẹ kọjá níbẹ̀.

Arákùnrin náà tún ní kí a kó àwọn ọmọ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti wo ibi tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì. Ìyẹn gba àròjinlẹ̀. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ àwọn jagunjagun kò tú ká tán títí di 1893. Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà ló ṣáájú àwọn Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, Ààrẹ Látòóṣà ló kó ogun Ìbàdàn wá, ojú ogun náà ló sì kú sí ní 1885. Àgbàlagbà tó mọ ìtàn yìí yóò dúró lórí òkè wọ̀nyẹn, yóò sì máa wò ó pé ibí ni ibùdó àwọn báyìí wà, ọ̀hún ni tàwọn báyìí. Ọmọ ọdún márùn-ún yóò rí igbó àti òkúta, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí a máa lọ sílé. Ẹ fi pamọ́ fún èyí àgbà nìkan, ní ọdún tí wọ́n bá kọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn.

* * *

Ó yẹ kí a dáhùn ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi nípa Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Àwọn kan ní Kristẹni òdodo tàbí Mùsùlùmí òdodo kò gbọdọ̀ kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi ìbọ. Àwọn mìíràn dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń sá fún ilé baba rẹ̀ ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó dáhùn ìbéèrè ìyá ọlọ́mọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú tèmi nìyí. Wíwò yàtọ̀ sí bíbọ. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ẹ ó wò ó, ẹ ó ya àwòrán, ẹ ó lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pàápàá kò kan ẹ̀sìn kankan. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ó jẹ́ ilé ìjọsìn gan-an, tí àwọn olùjọsìn ń lò lójoojúmọ́. Òkè Ìtasẹ̀ ní Ifẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan, níbi tí àwọn Babaláwo láti Nàìjíríà, Brazil, Kúbà àti Amẹ́ríkà ti máa ń pé jọ fún ọdún Ifá ní oṣù kẹfà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kò di dandan kó lọ. Ẹni tó bá sì máa lọ, kó ṣe bí ó ṣe máa ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ẹlòmíràn: kó bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ní kó bọ́ ọ, kó má fi ọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀, kó má sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín ẹlẹ́sìn.

Ìjà tó wọ́pọ̀ níbi báyìí, owó ló ń dá a sílẹ̀. Ẹnì kan yóò jáde wá, yóò ní òun ni yóò mú yín yí ká, yóò sọ ìtàn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fẹ́ máa lọ, yóò ní owó òun kù, owó àgbà ilé kù, owó nǹkan mìíràn kù. Ẹ dunadúra kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹ béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni gbogbo rẹ̀ pátápátá títí a ó fi jáde?" Bí ó bá ní "ohunkóhun tí ọkàn yín bá fẹ́," ẹ má gbà, ẹ jẹ́ kó dá iye kan. Mo mọ̀ pé yóò rí bí àfojúdi lójú àwọn kan láti máa ná ọjà pẹ̀lú àgbà, àmọ́ ó sàn ju kí a máa pariwo lé ara wa lórí lójú àwọn ọmọ.

* * *

Òǹbéèrè padà wá, ó ní àbúrò òun ti gbà láti fi owó kún un, pé ó ṣeé ṣe kí ₦60,000 wà, àti pé Erin-Ìjẹ̀ṣà ni àwọn ọmọ ń pariwo báyìí. Ó dára, ẹ lọ.

Olúmirin ni orúkọ omi náà. Ìtàn wọn ni pé Akínlà, ọmọbìnrin kan láti ìran Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i. Orí àpáta ló ti ń já bọ̀ wálẹ̀, ìpele méje ni, ẹni tó bá sì gun gbogbo rẹ̀ yóò bá abúlé Abáké pàdé lókè lọ́hùn-ún, ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ilẹ̀ Èkìtì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpele méje dẹ́rù bà yín tàbí kó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ìpele àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti dé, ibẹ̀ ni omi ti ń fọ́n sí ènìyàn lójú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń dúró sí. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń gùn ún. Ẹni tó ní ọmọ ọdún márùn-ún lọ́wọ́, kó jókòó sí ìpele àkọ́kọ́, kí àbúrò yín mú àwọn àgbà méjì gòkè.

Àwọn tó ń jiyàn lórí àsìkò, apá méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ní ìgbà òjò ló dára jù nítorí omi ń rọ́ yìì. Àwọn kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí òkúta kì í yọ̀. Àwọn méjèèjì sọ òtítọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń yan ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nígbà tí omi ṣì pọ̀ tí òkúta sì ti ń gbẹ. Ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ kì í bọ́ sí àkókò yẹn, ọjọ́ Sátidé kan yóò ṣe é. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹjọ ni ẹ máa lọ dandan, tí òjò rọ̀ ní òru ọjọ́ náà, ẹ sún un síwájú. Ẹ má lọ ní ọjọ́ ọdún Àjíǹde tàbí ọjọ́ kejì Kérésìmesì rárá, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ràn agbọ́hùnsókè mẹ́wàá tó ń kọ orin mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni kí gbogbo yín wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Aṣọ mìíràn fún àwọn ọmọ, aṣọ ìnura, oúnjẹ inú kúlà, kí ẹ sì kó ọ̀rá àti ìgò yín padà wálé. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ bẹ́ sínú omi láti orí òkúta. Omi náà bo òkúta mìíràn mọ́lẹ̀, ojú kò sì lè rí i.

Ní ti ọkọ̀, ẹnì kan ní kí ẹ háyà mọ́tò láti Ifẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, èmi kò rí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìdílé mìíràn kún un tí ọkọ̀ náà kún, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí ẹ kò ní máa dúró de ọ̀kadà nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ìyẹn sì tó owó lọ́tọ̀. Ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ pé yóò dúró de yín, kí ẹ sì mú owó díẹ̀ pamọ́ lọ́wọ́ tí ẹ óò fún un nígbà tí ẹ bá padà dé Lágere nìkan.

* * *

Ẹnì kan béèrè bóyá ₦60,000 náà kò dára ju fún Òṣogbo. Fún àgbàlagbà méjì, ó dára jù. Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó héktà 75, UNESCO fi sínú àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, iṣẹ́ ọnà Susanne Wenger, ọmọ Austria tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, wà káàkiri inú rẹ̀. Òjìji igi wà, ọ̀nà rírìn tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ọ̀bọ wà tó ń wo ọwọ́ àlejò bóyá ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nípa Òkè Ìtasẹ̀ kan ibẹ̀ náà, ilé ìjọsìn ni.

* * *

Kí n má gbàgbé èyí tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Ọdún Ọlọ́jọ́ máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá. Ọọ̀ni yóò ti wọ ìpèbí, níbi tí ọba ti ń dá wà, fún ọjọ́ mélòó kan, yóò wá jáde pẹ̀lú Adé Àárẹ̀, yóò sì lọ sí Òkè Mògún, ojúbọ Ògún. Kò sí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ìwúde Ìjẹ̀ṣà ń wáyé ní Iléṣà ní ìparí ọdún, bákan náà ló rí. Èrò ni ìṣòro ibẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú bébà, kí ẹ fi sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró ní etí èrò, kí ẹ má wọ àárín. Ẹni tó bá sọ pé etí èrò kò jẹ́ kí òun rí adé, mo gbà fún un, àmọ́ ọmọ tó sọnù ní Ẹnuwá lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́ kò ní rọrùn láti wá rí.

* * *

Òǹbéèrè tún kọ̀wé pé àwọn yóò fi Erin-Ìjẹ̀ṣà sí oṣù kẹwàá, pé Ẹnuwá ni àwọn fẹ́ lọ ní Sátidé yìí pẹ̀lú ₦10,000 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìyá òun fẹ́ bá wọn lọ, eékún sì ń dun mama.

Mama lè lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láàárín Ẹnuwá àti Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ẹ wọ kẹ̀kẹ́, ìyẹn àti ìnáwó orí mama nìkan ló yí padà. Nítorí pé Sátidé ni, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó ń gbé nítòsí ààfin bá yín béèrè ní ọjọ́ Ẹtì bóyá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yóò ṣí. Ẹ fi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ṣáájú ní òwúrọ̀ tí oòrùn kò tíì mú, kí ẹ wá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà tó bá mú, nítorí òrùlé wà níbẹ̀, kí mama sì rí ibi jókòó. Ẹ se ìrẹsì láti ilé. Ohun tí ẹ bá fẹ́ rà kò ju bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lọ.